Bí A Ṣe Ń Lo Ohùn fún Ọ̀rọ̀ àti Orin Láìjẹ́ Kí Ó Há

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́, àwọn akọrin, àwọn oníwàásù àti gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́: kí ló dé tí ohùn ẹnì kan fi ń há lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ń lo tirẹ̀ látàárọ̀ tí kò sì sí ohun tó ṣe é? Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń há lemọ́lemọ́ sábà máa ń fi ọ̀fun ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí èémí àti ẹnu ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi hàn yín bí ẹ ó ṣe sọ ẹrù náà kalẹ̀ kúrò lórí ọ̀fun, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ sọ tàbí orin lẹ fẹ́ kọ.

## Bí ohùn ṣe ń jáde

Ẹ má fo apá yìí, nítorí pé òun ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Nǹkan mẹ́ta ló ń para pọ̀ di ohùn. Èkíní ni èémí tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró gba inú kòmóòkun, ìyẹn ọ̀nà tí èémí ń gbà, gòkè. Èkejì ni tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ ẹran rírọ̀ méjì tó wà nínú gògóńgò, tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ bí a bá ń mí, tí wọ́n sì máa ń pa dé pátápátá bí a bá ń gbé nǹkan mì kí oúnjẹ má baà ṣìnà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kẹta ni àlàfo tó wà lókè gògóńgò, èyí tó pín sí káà ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú.

Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, awẹ́ méjèèjì yóò sún mọ́ ara wọn. Èémí tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò tì wọ́n títí wọn yóò fi ṣí. Bí èémí náà bá sì ti ń sáré kọjá láàrin wọn, wọn yóò tún padà wá pàdé, nítorí pé ara wọn máa ń fà, ó sì máa ń sún kì. Ṣíṣí àti pípadé yìí kì í ṣe ohun tí ojú lè tètè rí. Bí àgbà ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 120 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí 200, ti ọmọdé sì lè tó 300. Ìró A tí àwọn olórin fi ń ṣe ohun èlò wọn déédéé jẹ́ 440. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá di ìró yẹn mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ti mú kí awẹ́ méjèèjì kọlu ara wọn ní ìgbà 4,400. Bí ìkọlù kọ̀ọ̀kan bá wá le ju bó ṣe yẹ lọ, ara tán-án-ná yóò wú, kò ní lè gbọ̀n dọ́gba mọ́, ohùn yóò sì há.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín wá ìdí ọ̀rọ̀ náà báyìí:

1. Ẹ fi ìka méjì lé gògóńgò, kí ẹ sì fa "sss" jáde. Kò sí ohun tí yóò gbọ̀n, nítorí pé "s" jẹ́ ìró àìkùnyùn, ìyẹn ìró tí tán-án-ná kì í gbọ̀n fún. Ẹ fa "mmm" wàyí. Ìka yín yóò mọ̀ pé tán-án-ná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
2. Ẹ di "a" mú ní ibì kan náà, kí ẹ sì yí i sí "i", lẹ́yìn náà sí "u". Iṣẹ́ gògóńgò kò yí padà rárá. Ahọ́n àti ètè ló yí àlàfo ẹnu padà.
3. Ẹ tún di "a" mú, kí ẹ sì gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu dúró síbi tó wà. Tán-án-ná ló ń gùn sí i tó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, èyí tó ń mú kí ó gbọ̀n kíákíá.
4. Ẹ fa "mmm", kí ẹ sì di imú yín. Ohùn á dá dúró, torí pé imú nìkan ni "m" ń gbà jáde. Ẹ fa "a" kí ẹ sì tún di imú. Kò yẹ kí ohunkóhun yí padà. Bí ó bá yí, a jẹ́ pé afàsé yín, ìyẹn ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, wà nílẹ̀, ohùn sì ń jò gba imú.

Agbára ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ibi tó ti ń wá. Apá kan rẹ̀ wá láti inú bí èémí ṣe ń tì láti ìsàlẹ̀ tó àti bí awẹ́ méjèèjì ṣe ń pàdé dáadáa tó, ṣùgbọ́n apá mìíràn tó ṣe pàtàkì wá láti inú àlàfo òkè, tó ń mú ìró kékeré láti gògóńgò ró bí yàrá òfìfo ṣe ń mú ọ̀rọ̀ ró. Àwọn akọrin opera (eré ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe), tí wọn kì í lo makirofóònù, máa ń tún àlàfo yìí ṣe débi pé agbára ohùn wọn á pọ̀ ní àyíká 3,000 ìgbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, níbi tí etí ènìyàn ti ń gbọ́ dáadáa tí ìró àwọn ohun èlò orin kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè borí ọ̀pọ̀ ohun èlò láìpariwo.

## Ohun tí ẹ nílò

- Àyè tí kò ní ariwo, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10.
- Ife omi kan, tí a bu omi dé ìdajì.
- Ọ̀pá ìfàmu tín-ín-rín oníhò, irú èyí tí a fi ń mu ohun tútù.
- Fóònù tó lè ká ohùn sílẹ̀.

Omi mímu ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ yé gbà pé omi tí ẹ gbé mì ń kan tán-án-ná. Kò lè kàn án, nítorí pé gògóńgò máa ń pa dé bí ẹ bá ń gbé e mì. Omi náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ara tó pín in dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán, òwúrọ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí mu omi.

## Ìgbésẹ̀ mímú ohùn gbóná

Ẹ tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe tò, nítorí pé ìkọ̀ọ̀kan ń múra ìkejì sílẹ̀. Bí àkókò kò bá tó, ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 2 àti 5 nìkan.

1. Ìdúró. Ẹ dúró tàbí kí ẹ jókòó ṣánṣán, kí orí wà lórí ọrùn láìyọ síwájú. Àgbọ̀n tó bá nà sókè ń fa iṣan ọrùn le. Ẹ yí èjìká padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò fi yà kúrò lára wọn.

2. Mímí sínú. Ẹ fi ọwọ́ kan sí ìhà, kí ẹ fi èkejì sí òkè ìdodo. Ẹ mí sínú láìsí ariwo. Ìhà yóò fẹ̀, ikùn yóò yọ díẹ̀, èjìká kò sì gbọdọ̀ gbéra. Ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí ènìyàn "fi ikùn kọrin", ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, nítorí pé ńṣe ni wọ́n ń mú ikùn le bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ kò dé ikùn rárá. Iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàrin àyà àti ikùn ló ń sọ̀kalẹ̀, tó ń ti ohun tó wà nínú ikùn síwájú. Bí ikùn bá ti le, iṣan náà kò ní ríbi sọ̀kalẹ̀ sí.

3. Títú èémí jáde. Ẹ fa "sss" tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ẹ má jẹ́ kí ìhà wó lójijì. Bí èémí bá tán ní 8 tàbí 9, ẹ má fipá mú un. Ẹ dín bí ẹ ṣe ń tú u jáde kù, kí ẹ sì tún gbìyànjú.

4. Kíkùn. Ẹ pa ètè dé, kí eyín má pa dé, kí ẹ sì fa "mmm" jẹ́jẹ́ ní ibi tó rọ ohùn yín lọ́rùn. Ẹ wá ibi tí ètè àti egungun imú ti ń gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ọ̀fun nìkan ni ẹ ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ dín agbára kù.

5. Ọ̀pá ìfàmu. Ẹ ki ọ̀pá náà bọ inú omi, kí ó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2, kí ẹ sì fi "uuu" fẹ́ omi náà kó máa hó. Ẹ gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì gbé e padà, láìdá a dúró, fún ìṣẹ́jú 3. Èmi gbà pé kò sí ohun tó wúlò jù èyí lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí: èémí tí ọ̀pá náà dá dúró ń tì padà láti òkè, ó sì ń mú kí awẹ́ méjèèjì máa pàdé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìkọlu ara wọn gan-an. Bí ohùn bá ń jò gba imú, ẹ di imú wò. Omi yóò hó sí i.

6. Ṣíṣí ẹnu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "mmm", kí ẹ sì ṣí i sí "ma, mẹ, mi, mọ, mu". Ìgbọ̀n tí ẹ mọ̀ lára nínú ìgbésẹ̀ 4 kò gbọdọ̀ parẹ́ bí ẹnu ṣe ń ṣí.

7. Ọ̀rọ̀ tàbí orin gan-an. Ẹ mú gbólóhùn kan tàbí ìlà orin kan, kí ẹ kọ́kọ́ fi "mmm" kùn ún, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ọ́ tàbí kọ ọ́. Ẹ ká a sílẹ̀ sórí fóònù. Ohùn tí ẹ ó gbọ́ yóò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀, nítorí pé egungun orí ń gbé apá kan ohùn ara ẹni dé etí; ẹ má torí ìyẹn yí ohùn yín padà.

Bí kò bá sí ọ̀pá ìfàmu, ẹ fẹ́ ètè méjèèjì kí wọ́n máa gbọ̀n pẹ̀lú ohùn, tàbí kí ẹ fa "rrr" gígùn, tàbí kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kí ó ku àlàfo kékeré kan. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

## Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ

Ìṣòro kan wà tó kan àwa tí à ń sọ Yorùbá gidigidi. Fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa: ilé, ọmọ, àgbà, ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń fi agbára já fáwẹ́lì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ń pa tán-án-ná dé gbọn-ingbọn-in kí ó tó jẹ́ kí èémí kọjá, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi "h" tó fúyẹ́ ṣáájú nígbà ìdánrawò: "hilé, họmọ, hàgbà". Lẹ́yìn náà ẹ yọ "h" kúrò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èémí ṣì jáde pẹ̀lú ohùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkejì ni ibi tí ẹ fi ohùn àárín yín sí. Ẹni tí inú ń bí, tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tó fẹ́ kí èrò gbọ́ òun, sábà máa ń gbé ohùn àárín rẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí ohùn òkè bá wá dé, kò ní sí àyè mọ́ àfi kó fún ọ̀fun pọ̀. Ẹ sọ "rà, ra, rá" ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ ṣàkíyèsí ibi tí "ra" bọ́ sí, kí ẹ sì padà síbẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gbé yín lọ. Ẹni tó sì ń fi tipátipá rẹ ohùn sílẹ̀ kó lè dún bí àgbà ń ṣe irú àṣìṣe yìí kan náà láti òdìkejì.

Nípa ariwo, dókítà ọmọ Faransé kan, Étienne Lombard, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1911 pé ènìyàn máa ń gbé ohùn sókè láìmọ̀ bí ariwo bá yí i ká. Ẹ kò lè fi ìpinnu nìkan ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

- Ẹ sún mọ́ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ní gbangba, bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìró tó dé etí yóò fi décibel 6 dín kù (décibel ni a fi ń wọn agbára ìró).
- Ẹ pa ohun tó ń pariwo, tàbí kí ẹ dúró kó kọjá.
- Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ pe kọ́nsónáǹtì yékéyéké. Òun ló ń jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yé ju ariwo lọ.
- Ẹ lo makirofóònù bí ó bá wà. Kò sí ògo nínú kíkọ̀ ọ́.
- Ẹ mí níbi tí gbólóhùn ti parí, kì í ṣe ìgbà tí èémí ti tán pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìyókù èémí sọ, ọ̀fun ló ń san gbèsè rẹ̀.

## Bí ó bá jẹ́ orin kíkọ

Orin ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kì í béèrè: fáwẹ́lì gùn, ohùn ń rìn jìnnà sí òkè àti ìsàlẹ̀, èémí sì gbọ́dọ̀ tó gbólóhùn tí ẹlòmíràn ti wọ̀n sílẹ̀.

Ibi tó ń dààmú ènìyàn jù ni ibi tí ohùn ti máa ń ṣẹ́ bí ó bá ń gòkè. Nísàlẹ̀, tán-án-ná nípọn, ìgbọ̀n rẹ̀ sì ń dé àyà, ìdí nìyí tí àwọn akọrin fi ń pè é ní ohùn àyà. Lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bèbè rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n gan-an, wọ́n sì ń pe èyí ní ohùn orí. Ẹni tó bá gbé ohùn àyà tó nípọn lọ sókè títí yóò dé ibi tí iṣan kò lè mú un mọ́, ohùn yóò sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú "u" fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì yọ̀ wá sísàlẹ̀. Láti òkè wá sísàlẹ̀ rọrùn ju láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lọ.
2. Ẹ má wá agbára níbi tó ti ń ṣẹ́. Ẹ dín in kù kí ẹ tó débẹ̀.
3. Bí ẹ bá wá ń gòkè, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀, kí "i" sì fì díẹ̀ sí "e", kí "u" fì sí "o". Fáwẹ́lì tí a há mọ́ ẹnu kì í gòkè.
4. Ẹ wo ara yín nínú dígí. Bí iṣan ọrùn bá yọ tàbí tí gògóńgò bá sáré gòkè bí ẹni tó ń gbé nǹkan mì, ẹ dúró, kí ẹ sì padà sí ọ̀pá ìfàmu.

Bí orin kan bá ga jù fún yín, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. N kò fara mọ́ àṣà fífi tẹ́nọ̀ sí ohùn ẹni tí Ọlọ́run dá báàsì mọ́, kìkì nítorí pé tẹ́nọ̀ kò pé nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, ẹ jẹ́ kó máa kọ ibi tó bá rọrùn fún un lọ́jọ́ náà, ì báà yàtọ̀ sí ti àná.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Híhọ ọ̀fun lemọ́lemọ́. Ó ń gbá awẹ́ méjèèjì pọ̀, ara á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹ ó sì tún fẹ́ họ ọ́. Ẹ gbé itọ́ mì, ẹ mu omi díẹ̀, tàbí kí ẹ kùn jẹ́jẹ́.
- Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ohùn bá há. Kì í ṣe ìsinmi, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún ọ̀fun pa bí wọ́n bá ń ṣe é. Ohùn kékeré tó rọlẹ̀ sàn jù, dídákẹ́ sì sàn jù lọ.
- Fífi súìtì tútù pa ìrora kí a tó kọrin. Ìrora lọ, ìpalára kò lọ.
- Sìgá. Èéfín rẹ̀ ń gba orí tán-án-ná kọjá tààrà.

## Bí ohùn bá ti há

Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ má sì kọrin. Ẹ máa mu omi, kí ẹ sì fa ooru omi gbígbóná símú fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 láti ibi tó jìnnà díẹ̀, kí ó má baà jó yín. Ooru yìí, láìdà bí omi mímu, ń dé ara tán-án-ná gan-an. Bí ohùn bá ti ń padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 5, kì í ṣe láti orí orin. Bí ó bá sì jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ló máa ń há, pẹ̀lú ìtọ́wò kíkan lẹ́nu, ẹ wò ó bóyá omi kíkan inú ikùn ló ń sàn gòkè lóru. Ẹ má jẹun mọ́ ní wákàtí 3 ṣáájú oorun.

Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun bí:

- ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, kódà bí kò bá sí ìrora, nítorí pé kókó tó ń hù sórí tán-án-ná kì í sábà dunni;
- ohùn bá lọ lójijì bí ẹ ṣe ń pariwo tàbí kọrin (ẹ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti ya sínú tán-án-ná);
- ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ikọ́ jáde, tí gígbé oúnjẹ mì bá nira, tàbí tí kókó bá yọ lọ́rùn.

Bí mímí bá nira, tó sì ń dún híì-híì, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìṣòro náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tó ń mú un burú sí i, kí ẹ mú un dání lọ. Dókítà lè fi kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú tàbí ẹnu wo tán-án-ná. Bí ó bá jẹ́ kókó tí ìlòkulò ohùn fà ló rí, ìtọ́jú àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ohùn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí pé bí ọ̀nà tí a ń gbà lo ohùn kò bá yí padà, kókó tí wọ́n gé lè tún hù.